Kibbutz: Abúlé tí gbogbo ará ibẹ̀ ń ná owó kan náà, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ló sì kù níbẹ̀?

Ẹ wo abúlé kan tó jẹ́ pé bí dókítà tó ń gbé níbẹ̀ bá gba owó oṣù nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ nígboro, àpò abúlé ló máa dà á sí. Ẹni tó ń fọ abọ́ àti ẹni tó jẹ́ akọ̀wé abúlé, irú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó lè na ọwọ́ sí màlúù kan pé tèmi nìyí.

Kì í ṣe àlọ́ o. Irú abúlé bẹ́ẹ̀ wà lórílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, kibbutz ni wọ́n ń pè é. Ìkórajọ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hébérù. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á ní kibbutzim. Nǹkan bíi 270 ló wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà lónìí.

Àmọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní kibbutz lónìí ti yàtọ̀ gan-an sí èyí tí àwọn baba ńlá wọn dá sílẹ̀.

Àwọn méjìlá tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 1910, ọkùnrin mẹ́wàá àti obìnrin méjì kó lọ sí etí Òkun Gálílì, níbi tí odò Jọ́dánì ti ń ṣàn jáde. Ọ̀dọ́ Júù ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn Júù. Ìjọba Ottoman ti ilẹ̀ Tọ́kì ló ń ṣàkóso Palestine nígbà yẹn.

Ṣáájú kí wọ́n tó dé, oko kan wà nítòsí ibẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ àti máníjà ti ń bára wọn fa wàhálà. Ìbéèrè tó wá jáde nínú ìjà yẹn ni pé: ṣé dandan ni kí oko ní máníjà? Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn lè dá a ṣe, kí àwọn máa pín iṣẹ́ àti èrè láàárín ara wọn. Wọ́n fún wọn láyè, ó sì yọrí sí rere.

Degania ni wọ́n sọ abúlé yẹn. Ibà ń dà wọ́n láàmú, oòrùn ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni kò di ọkọ́ mú rí kó tó dọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ibẹ̀ ni wọ́n kà sí ìyá gbogbo kibbutz. Níbẹ̀ náà ni wọ́n bí Moshe Dayan sí lọ́dún 1915, ẹni tó wá di ọ̀gá àgbà ológun àti mínísítà ètò ààbò Ísírẹ́lì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé?

Ìpàdé gbogbogbò ni ọba ibẹ̀. Ìbò kan ni ọmọ abúlé kọ̀ọ̀kan ní, yálà ó ti pẹ́ níbẹ̀ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìpàdé ló máa sọ bóyá kí wọ́n ra katakata, tàbí kí wọ́n rán ọmọ kan lọ sí yunifásítì. Wọ́n máa ń lẹ ìwé iṣẹ́ mọ́ ara ògiri: ta ló máa fún wàrà lọ́la, ta ló máa sè, ta ló máa ṣọ́ odi lóru. Ilé oúnjẹ kan ni gbogbo wọn ti ń jẹun, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń fọ aṣọ gbogbo abúlé.

Èyí tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ kibbutz, àwọn ọmọ kì í sùn lọ́dọ̀ òbí wọn. Ilé àwọn ọmọdé wà lọ́tọ̀, àwọn olùtọ́jú ló ń wà pẹ̀lú wọn, wọ́n á sì lo wákàtí díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wọn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé wọ́n fẹ́ kí obìnrin lè ṣiṣẹ́ bíi ọkùnrin, kí gbogbo ọmọ sì dàgbà bíi ọmọ ìyá kan. Àwọn kan tó dàgbà níbẹ̀ ní àwọn gbádùn rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn ò gbàgbé bí àwọn ṣe ń sunkún lóru tí ìyá ò sí nítòsí. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún ogún, àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ibi tó ti le nìyí. Àjọ àwọn Júù tó ń ra ilẹ̀ ló ra ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Àmọ́ nígbà mìíràn, ọlọ́rọ̀ tí kì í gbé níbẹ̀ rárá ló tà á, àwọn àgbẹ̀ Árábù tó ń dáko lórí rẹ̀ ló sì ń pàdánù. Láàárín ọdún 1936 sí 1939 tí rògbòdìyàn gbóná, wọ́n á ti gbé odi àti ilé ìṣọ́ dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, kibbutz tuntun ti dé nìyẹn.

Nígbà ogun ọdún 1948, nǹkan bíi 700,000 ará Palestine ló sá tàbí tí wọ́n lé kúrò nílé wọn. Àwọn kibbutz kan ń dáko lórí ilẹ̀ àwọn abúlé tó ṣófo nígbà náà. Ìtàn kan náà ni, àmọ́ bí ìhà kan ṣe ń fi yangàn ni ìhà kejì ń fi ṣọ̀fọ̀.

Láti oko dé ilé-iṣẹ́

Àwọn ará kibbutz kò pọ̀ rárá láàárín gbogbo ọmọ Ísírẹ́lì, àmọ́ òkìkí wọn kàn. Golda Meir, tó di olórí ìjọba, gbé ní kibbutz Merhavia nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. David Ben-Gurion náà, lẹ́yìn tó fi ipò sílẹ̀ lọ́dún 1953, kó lọ sí Sde Boker nínú aṣálẹ̀.

Ní aṣálẹ̀ yẹn kan náà, ní kibbutz Hatzerim, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Netafim sílẹ̀ lọ́dún 1965. Rọ́bà tó ń kán omi sídìí ohun ọ̀gbìn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, kí omi má baà ṣòfò. Ọ̀nà bíbomi rin yìí ti wá tàn kálẹ̀ ayé.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò farm settlement ní nǹkan bí ọdún 1959, tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí oko bíi ti Ìlọrá àti Àkùfọ̀, Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe. Kì í ṣe kibbutz gan-an ni wọ́n mú o, moshav ni. Ní moshav, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ilé àti oko tirẹ̀, wọ́n kàn jọ ń ra nǹkan, wọ́n sì jọ ń tà ni.

Nígbà tí gbèsè dé

Láàárín ọdún 1980 sí 1985, ọ̀wọ́n gógó gbòde ní Ísírẹ́lì. Ọ̀pọ̀ kibbutz ti yá owó rẹpẹtẹ. Nígbà tí ìjọba wá ọwọ́ ọ̀wọ́n gógó bolẹ̀ lọ́dún 1985, èlé orí gbèsè fò sókè, kò sì sówó láti san án. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sígboro. Àwọn tó ṣẹ́kù náà ń bèèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíi ẹrú àti ẹni tó ń ṣọ̀lẹ fi ń gba nǹkan kan náà.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó oṣù fún oníkálukú nìyẹn. Degania gan-an, ìyá gbogbo wọn, gbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2007. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kibbutz ló ti yí padà: oníkálukú ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó ń dá owó sí àpò abúlé kí arúgbó àti aláìsàn má baà jìyà. Àwọn díẹ̀ ṣì wà tí wọ́n jọ ń ná ohun gbogbo.

Ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 2023

Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ogun Hamas já wọ àwọn kibbutz tó wà létí Gaza: Be'eri, Kfar Aza, Nir Oz àtàwọn mìíràn. Ní Nir Oz nìkan, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni wọ́n pa tàbí tí wọ́n jí gbé lọ. Lára àwọn tó kú káàkiri agbègbè náà ni àwọn tó ti ń fi mọ́tò wọn gbé aláìsàn láti Gaza lọ sí ilé ìwòsàn ní Ísírẹ́lì. Ogun tó tẹ̀ lé e gba ẹ̀mí ọ̀kẹ́ àìmọye ará Palestine ní Gaza.

Ní Be'eri, ilé ìtẹ̀wé tí abúlé náà jọ ní tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìpẹ́ sígbà náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣọ̀fọ̀. Ìbéèrè tó wá wà níwájú àwọn abúlé yìí ni pé: ṣé kí wọ́n padà sílé? Ṣé kí wọ́n wó àwọn ilé tó jóná, àbí kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìrántí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é: wọ́n á pe ìpàdé, oníkálukú á sì di ìbò tirẹ̀.