Ṣé o mọ̀? Kọ́ńpáàsì wà nínú ewì ìfẹ́

Kọ́ńpáàsì tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Aswani, n'Ísọlọ̀, fi ń ya òbìrí ti wọ inú ewì ìfẹ́ tipẹ́. Nínú “A Valediction: Forbidding Mourning”, John Donne (1572–1631), akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkàn olólùfẹ́ méjì tí ìrìn àjò fẹ́ yà wé e. Ẹsẹ̀ kan dúró láàárín, èkejì ń yí i po. Bí ti ìta bá ṣe ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ti àárín ń tẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìgbà tí ti ìta bá padà wálé ló tó nàró. Àfiwé tààrà lásán ì bá ti parí ní ìlà kan. Donne fà á gùn tó ìlà 12 nínú 36 tí ewì náà ní. Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀ o! Ọdún 1633 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀.