Ṣé ó yẹ kí oníṣòwò fi ọjọ́ ọ̀fọ̀ polówó ọjà?

Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2013, iléeṣẹ́ AT&T l'Amẹ́ríkà gbé àwòrán fóònù kan sórí Twitter, wọ́n ní àwọn fi ń rántí ìkọlù ọdún 2001. Inú bí àwọn èèyàn: òkú ni wọ́n fi ń polówó ọjà! Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n yọ ọ́, tí wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀dínwó fún ará Ọ̀wọ̀ tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis lọ́dún 2022. Oníṣòwò Àfọ̀n tó bá fẹ́ bá wọn kẹ́dùn, kó ṣe é láìdárúkọ ọjà, láìsọ iye owó. Tí ọjà bá ti wọ̀ ọ́, ìpolówó ló dà yẹn.