Igbó Ọ̀yọ́-Ilé: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Alájẹṣẹ́kù

Nígbà tí a kọ́kọ́ dábàá pé kí ẹgbẹ́ lọ wo àwọn ẹranko nínú igbó ìjọba, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní dípò kí a náwó lọ wo ọ̀bọ, ẹ jẹ́ kí a fi owó náà ra ọjà. Àwọn mìíràn ní kí ni ẹran ìgbẹ́ jẹ́ tí a kò tíì rí, ṣebí òun náà ni a ń bá pàdé nínú ọbẹ̀? A gbọ́ tọ̀tún-tòsì, a sì lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀, àti bí ó ṣe kan àpò olúkúlùkù wa, ni a fẹ́ rò fún yín.

IBI TÍ A LỌ

Igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní Old Oyo National Park ni. Ó wà ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbẹ́tì, Kìíṣí, Ìgbòho àti Ìkòyí-Ilé wà lára àwọn ìlú tó yí i ká. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Kí ó lè yé yín: bí a bá pín gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó sí ọ̀nà mẹ́ta, tòun ti omi rẹ̀, igbó yìí ju méjì lọ nínú rẹ̀.

Ní 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bo igbó náà gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ní 1952 wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko, nígbà tí ó sì di 1991 ó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀.

Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́. Nígbà tí òyìnbó Hugh Clapperton dé ibẹ̀ ní 1826, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́, ọjà sì ń ná. Láàárín 1830 sí 1840 ni ogun tú ìlú náà. Aláàfin Àtìbà wá tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, níbi tí ó wà títí di òní. Odi tó ti wó, àfọ́kù ìkòkò, àti ojú àpáta tí àwọn ìyá ìgbàanì ti lọ nǹkan títí tí ó fi jìn kòtò, ìwọ̀nyí ni ó kù. Ìnàkí ló wá di onílé.

AMỌ̀NÀ NI OJÚ ÀLEJÒ

Kò sí ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kí ó dá wọ igbó náà. Ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n ń pè ní rénjà ni yóò ṣáájú yín, òun ni amọ̀nà, òun náà ni ààbò. Kí ẹ má ṣe rò pé ẹranko yóò tò sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé kí ẹ wá máa kà wọ́n. Bí kò bá sí amọ̀nà, ẹ lè rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ẹ má rí ju koríko lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni a ti bọ́ sọ́nà, nítorí àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹranko ń jẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, abẹ́ igi ni wọ́n ń wà. Amọ̀nà wa bu eruku díẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa dà láti ọwọ́ rẹ̀, ó fi mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ó ní imú ẹranko yára ju ojú rẹ̀ lọ. Bí atẹ́gùn bá ti gbé òórùn wa lọ bá a, àbùṣe bùṣe. Nígbà tí ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín rèé. Òru ló kọjá, ẹ wò ó, ìrì ti sẹ̀ lé e lórí.” Gbogbo wa ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Báyìí ni ojú wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í là. A rí ìmàdò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n na ìrù sókè gan-an bí òpó àsíá bí wọ́n ti ń sá lọ. A rí ìjímèrè tó ń fi ilẹ̀ sáré. Amọ̀nà ní nínú gbogbo ẹ̀yà ọ̀bọ, kò sí èyí tó lè bá a sá eré. A rí agbo ìnàkí, ọ̀kan jókòó sórí àpáta tó ń ṣọ́nà fún àwọn tó kù. Létí Odò Ògùn, ọ̀nì kan la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Àwọn kan nínú wa ní ebi ló ń pa á, amọ̀nà sì rẹ́rìn-ín, ó ní ooru ló ń mú un, ó ń fi ẹnu lílà tu ara rẹ̀ lára ni. Ní ti ẹfọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a rí nínú ẹrẹ̀, ó sì fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Ìyẹn náà tó láti mú kí a dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Àwọn ìyálọ́jà inú wa kò sì ṣàì dá igi mọ̀. Igi ẹmì tí a ń rí òrí nínú èso rẹ̀, àti igi igbá tí irú ti ń wá, wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ọjà tí a ń tà, a rí ìyá tó bí i.

Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ẸLẸ́RAN ÌGBẸ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ìgbà tí a jókòó sábẹ́ igi láti sinmi. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tó ti ta ẹran ìgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bi amọ̀nà léèrè. Ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo ẹran tó wà níbí yìí, ẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ta ni ẹ ń tọ́jú rẹ̀ dè?”

Amọ̀nà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Màmá, ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, níbo ni ẹran ti ń wá bá yín?”

“Ẹ̀yìn ìlú náà ni. Àwọn ọdẹ a jáde lálẹ́, wọ́n a dé ní àárọ̀.”

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. “Wọ́n ń sun oko fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ọkọ̀ ló ń gbé e wá. Owó rẹ̀ sì ti gbé pẹ́ẹ́lí.”

“Màmá, ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín. Ọjà tó bá ń wọ́n sí i, tó sì ń jìnnà sí i, ọjà tó ń tán ni.”

Kò sí ọlọ́jà kan nínú wa tí kò mọ̀ pé òótọ́ ni. Amọ̀nà tún ní ẹfọ̀n a máa gbé oyún fún bí oṣù mọ́kànlá kí ó tó bí ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pa abo ẹfọ̀n kan lónìí, ó di ọdún mélòó kí igbó tó rí ìkejì rẹ̀? Òfin kò gba ọdẹ ṣíṣe láàyè nínú igbó náà rárá, síbẹ̀ àwọn tó ń yọ́ wọlé lóru kò tán. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tó ń gé igi fún èédú, àti àwọn tó ń da màlúù wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: bí kò bá sí ẹni tó ń rà, kò ní sí ẹni tó ń pa.

Ṣùgbọ́n ìyá náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó ní, “Ó dára. Kí wá ni kí èmi máa tà?” Ìbéèrè gidi ni, kò sì tọ́ kí a fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Ọ̀yà ṣeé sìn nínú ilé. Abo rẹ̀ a máa lóyún fún bí oṣù márùn-ún, a máa bí bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè bímọ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Ìgbín náà ṣeé sìn. Irú òwò báyìí ni owó àyálò ẹgbẹ́ wà fún.

Alájẹṣẹ́kù ni a ń pe ara wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá jẹ, kí ó jẹ́ kí ó ṣẹ́kù. A kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kan fọwọ́ kan owó ìdókòwò gbogbo wa. Èrè orí rẹ̀ ni a ń pín. Igbó náà kò yàtọ̀. Àwọn ẹranko yẹn ni owó ìdókòwò, owó tí àlejò ń san láti wò wọ́n sì wà lára èrè rẹ̀. Ẹran tí a bá pa, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó tà á. Èyí tó wà láàyè, ọdọọdún ni a ó máa wò ó.

FÚN ẸNI TÓ BÁ FẸ́ LỌ

1. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, láti December sí March, nígbà tí koríko ti fà sẹ́yìn tí ẹranko sì ń wá sí etí omi.
2. Ẹ kọ́kọ́ kàn sí iléeṣẹ́ wọn ní Ọ̀yọ́. Ẹ béèrè iye owó, ẹ sì béèrè bóyá ọ̀nà ní ààbò lásìkò náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró.
3. Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú. Àwọ̀ wọ̀nyí ń fa eṣinṣin tó ń gbé àrùn sùnrunsùnrun kiri. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé omi mímu dání.
4. Ẹ má fi lọ́fínńdà para. Ẹ má pariwo, ẹ má sì sọ oúnjẹ sí ìnàkí.
5. Ibi tí amọ̀nà bá ní kí ẹ dúró sí, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀.

Ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni a ó gbé ọ̀rọ̀ owó àyálò fún sísin ọ̀yà àti ìgbín kalẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ran wa ti ní òun ni yóò kọ́kọ́ nàwọ́ sókè. Kí olúkúlùkù mú èrò tirẹ̀ wá.