Ohun Tí Àkọlé Ara Páálí àti Agolo Ń Sọ fún Yín

Omíyalé ti lé ẹ̀yin ará wa kúrò nílé ní Festac àti káàkiri Amuwo-Odofin. Ọ̀pọ̀ yín ti ń padà lọ wo ohun tó ṣẹ́kù, ẹ sì ń bi wá pé èwo ni ẹ ṣì lè lò nínú oúnjẹ àti oògùn tí omi kàn. Ohun tí a kọ sí ara páálí àti agolo yóò ràn yín lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Àwòrán ara páálí

Páálí tó gba èbúté Apapa wọlé ti kọjá lọ́wọ́ àwọn alábàárù tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń lo àwòrán kan náà káàkiri ayé. Agboòrùn: omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ife gíláàsì: ohun inú rẹ̀ lè fọ́. Ọfà méjì tó kọjú sókè: ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Bí páálí ìrànwọ́ yín bá ní agboòrùn lára, ẹ gbé e sórí pákó, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nọ́mbà àti ọjọ́

Nọ́mbà NAFDAC ń sọ pé àjọ náà forúkọ ọjà yẹn sílẹ̀. Nọ́mbà bàáṣì ń sọ èyí tí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òpin ọdún 2008, kẹ́míkà olóró wọ inú My Pikin, oògùn eyín ọmọdé, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, nọ́mbà bàáṣì ni a fi ń mọ èyí tó yẹ kí a kó kúrò nílé àti lọ́jà.

Ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ dúró lórí pé a tọ́jú rẹ̀ bí àkọlé ṣe wí. Bí omi ẹ̀gbin bá ti wọ inú rẹ̀, ọjọ́ náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe

Ẹ da gbogbo oúnjẹ inú ọ̀rá, bébà àti páálí tí omíyalé kàn nù. Bákan náà ni ìgò onídèérí, agolo tí a ń fi ìka fà ṣí, àti mílíìkì ọmọ tó ní ìdérí ọ̀rá.

Agolo onírin tí a ní láti fi ọ̀bẹ ṣí ṣeé gbà là, bí kò bá wú, tí kò jò, tí kò tẹ̀, tí kò sì dípẹtà:

1. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti nọ́mbà bàáṣì rẹ̀ sínú ìwé.
2. Ẹ bó bébà ara rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí ń sá sábẹ́ rẹ̀.
3. Ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́.
4. Ẹ da ṣíbí ìjẹun 2 bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, irú bíi Hypo tàbí Jik, sínú omi lítà 4. Ẹ rẹ agolo sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15.
5. Bó bá gbẹ, ẹ fi máàkà kọ orúkọ àti ọjọ́ náà padà sí i lára.

Oògùn tí omi kàn, ẹ má lò ó, kódà bó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ kàn dá a dúró: ẹ mú páálí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fún yín ní irú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjà pọ́ọ́kú tí a lẹ àkọlé tuntun mọ́ orí ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí a ti ha ọjọ́ rẹ̀ kúrò. Agolo tí ẹ kò bá mọ orúkọ tàbí ọjọ́ rẹ̀, ẹ má ṣí i fún ọmọ jẹ. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ mú un wá sí ibi ìpín oúnjẹ, kí a jọ wò ó.