Ìdí Tí A Fi Gbọ́dọ̀ Wọn Agbára Ilẹ̀ àti Omi Inú Rẹ̀ Kí A Tó Kọ́lé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilẹ̀ tó le koko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè rọ̀ nígbà tí òjò bá dé. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pàápàá ní ẹ̀bá ọ̀sà tàbí lórí àbàtà tí a fi yanrìn dí, fi ojú lásán díwọ̀n agbára ilẹ̀ rẹ̀. Ohun èlò méjì tó ṣeé gbé dé orí ilẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Èkíní ni dynamic cone penetrometer, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní DCP. Ọ̀pá irin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí ṣóńṣó ni. Wọn a gbé òòlù kílógíráàmù 8 sókè lára rẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí ó já bọ́ láti ibi gíga mìlímítà 575. Lẹ́yìn náà, wọn a ka iye mìlímítà tí ọ̀pá náà fi wọlẹ̀. Bí ó bá wọlẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ náà le; bí ó bá wọlẹ̀ púpọ̀, ó rọ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń wọn omi inú ilẹ̀. Wọn a ki àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ bọlẹ̀. Nítorí pé ìṣesí omi sí agbára iná yàtọ̀ gédégédé sí ti iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀rọ náà yóò fi ìwọ̀n omi hàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ilẹ̀ etí òkun lè ṣì í lọ́nà. Nítorí náà, ó dára kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n gbẹ ẹ́ ní ooru 105 sí 110°C, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín kù ni omi.

Àyẹ̀wò méjèèjì kò gbọ́dọ̀ yara wọn. Èsì agbára ilẹ̀ amọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní oṣù kìíní, láìkọ ìwọ̀n omi mọ́ ọn, lè tan onílé jẹ, nítorí ilẹ̀ kan náà lè má lè gbé ẹrù yẹn ní oṣù keje. Nígbà tí ẹ bá gba èsì, ẹ wo ọjọ́ àyẹ̀wò, ìwọ̀n omi, bí ó ti jìn tó àti iye ojúkò tí wọ́n dán wò.

Ẹ rántí pé DCP kì í sábà kọjá mítà kan sí méjì. Ó wúlò fún ọ̀nà àti ìpìlẹ̀ tí kò jìn. Ilé alájà gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́ wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún.

A rọ gbogbo ará ìlú láti kàn sí onímọ̀ ẹ̀rọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Owó àyẹ̀wò kò tó owó àtúnkọ́, ẹ̀mí kò sì ṣeé rà padà.