INÁ LÉSÀ TÓ Ń SỌ EYÍN DI FUNFUN: Ẹ DÚRÓ NÁ, KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

  

Ọ̀rọ̀ eyín ló gba gbogbo ìsọ̀ kan báyìí. Ọmọ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó ní òun fẹ́ lọ fi iná lésà sọ eyín òun di funfun kí fọ́tò lè dára. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá méjì ló bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ kó àjọ nítorí eyín ọmọ. Ni Ìyálọ́jà bá ní kí a wádìí rẹ̀, kí a kọ ọ́ síwèé. Ohun tí a rí rèé.

Àwa náà fẹ́ràn eyín funfun. Láyé àwọn ìyá wa, tí ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, Eyínfúnjowó ló máa ń pe òmíràn nínú wọn. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ṣe àfiwé nígbà náà, ẹnikẹ́ni kì í san owó ẹyọ fún un!

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Dókítà eyín á fi ike la ẹnu yín, á fún yín ní awò dúdú kí iná má bàa wọ ojú. Á fi nǹkan bí ọ̀dà bo ẹran ìdí eyín, yóò sì gan. Ìgbà náà ni yóò tó fi oògùn ra eyín. Hydrogen peroxide ló wà nínú oògùn yìí, ìyẹn oògùn tó máa ń hó yaya tí a bá dà á sójú egbò, ṣùgbọ́n ti eyín yìí le ju ti egbò lọ dáadáa. Wọ́n á tan iná sí i fún bí ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á tún un ṣe, bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ibi tí ó yà wá lẹ́nu rèé. Oògùn yẹn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iná! Láti 1996 ni wọ́n ti fọwọ́ sí lésà fún iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé iná kò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún un tó bá ti pẹ́ díẹ̀. Púpọ̀ nínú iná tí wọ́n sì ń pè ní lésà, iná aláwọ̀ búlúù lásán ni. Àwa tí a ń tajà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó páálí.

Ẹ tún gbọ́ o. Àwọ̀ obì, orógbó, tíì àti aáṣà, òde eyín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Tí ẹ bá lọ fọ eyín lásán ní ilé ìwòsàn eyín, tí wọ́n ha ìdọ̀tí tó ti gan bí òkúta kúrò, ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò ní wá lésà mọ́. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ilé ìwòsàn Fásitì ní Ilé-Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka eyín.

Èyí tó wà nínú eyín fúnra rẹ̀ ló ṣòro. Ọmọ tí wọ́n fún ní tetracycline kó tó pé ọdún 8, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò ó nínú oyún, eyín rẹ̀ lè dà bí eérú. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi kànga ibòmíràn, bíi ti Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau, ṣe ń sọ eyín ọmọ di bíráùn. Oògùn yìí lè má mú un lọ tán. Eyín àtọwọ́dá àti èyí tí wọ́n dí ihò rẹ̀ kì í yí àwọ̀ padà rárá. Tí ìyókù bá funfun, ẹyọ yẹn á wá dá yàtọ̀ gedegbe.

Eyín máa ń dun èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá tí omi tútù bá kàn án, fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á sì ní kí ẹ má jẹ ohun aláwọ̀ fún bí ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì láìsí ọbẹ̀ epo, láìsí obì! Nílé ìyàwó wo?

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti àwọn tó ń gbé omi inú ike kiri ọjà. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹ̀wà jẹ́ kí wọ́n fi pa òun léyín níbí. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ bó, ó funfun bí ibi tí omi gbígbóná jó, ọjọ́ márùn-ún ni kò lè fi ata kan ẹnu. Ẹni tó ṣe é kò sì padà wá mọ́. Ní England tí àwọn ọmọ wa wà, láti 2012, oògùn yìí tó bá le díẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ dókítà eyín wá, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Níhìn-ín, ẹ bèèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Kí ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín, ó ń jẹ ara eyín, ara eyín kì í sì í hù padà. Aláboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ ní sùúrù.

Ní ti àjọ, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò: ẹni tó bá fẹ́ kó o nítorí eyín, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé wá láti ilé ìwòsàn pé wọ́n ti fọ eyín náà. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Tí a bá ti pé mẹ́wàá, a ó jọ wọ ọkọ̀ kan lọ.