Òǹkà Róòmù fún Iye Ńlá: Àlàyé fún Olùkọ́ àti Olùdánwò

1. Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wa kan fi òǹkà Róòmù kọ 45, 99 àti 999. Àwọn mélòó kan kọ VL, IC àti IM. A fa ìlà pupa sí i, a sì fún wọn ní òdo. Nígbà tí a pe ọ̀kan nínú wọn kí ó wá ṣàlàyé, ó ní, "Ṣebí márùndínláàádọ́ta ni, sà. Mo yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta." Ìdáhùn yìí ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan, àwa gan-an kò ṣàlàyé tó. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti la òfin òǹkà Róòmù yékéyéké, pàápàá ti iye ńlá, kí a sì fi ibi tí ó ti bá òǹkà Yorùbá mu àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ hàn.

2. Ìròpọ̀ àti Ìyọkúrò

Lẹ́tà méje ni à ń lò: I = 1, V = 5, X = 10, L = 50, C = 100, D = 500, M = 1,000. Bí lẹ́tà kékeré bá tẹ̀lé ńlá, a ó rò wọ́n pọ̀: LX = 60. Bí kékeré bá ṣáájú ńlá, a ó yọ ọ́ kúrò: XL = 40. Ìyọkúrò yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn ará Róòmù pàápàá, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, undeviginti ni wọ́n ń pe 19, èyí tí í ṣe 'ọ̀kan dín ní ogún'. Mọ́kàndínlógún tiwa nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé òfin tí à ń fi kọ́ni lónìí fi ààlà sí ìyọkúrò nínú òǹkà Róòmù:

(i) I kì í dín lẹ́tà kankan kù àfi V àti X.
(ii) X kì í dín lẹ́tà kankan kù àfi L àti C.
(iii) C kì í dín lẹ́tà kankan kù àfi D àti M.
(iv) V, L àti D kì í dín ohunkóhun kù.
(v) Lẹ́tà kan ṣoṣo ni a lè yọ lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, 45 ni XLV, 99 ni XCIX, 999 sì ni CMXCIX. Kí ọmọ kọ́kọ́ tú iye náà palẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Fún àpẹẹrẹ, 1,999 ni 1,000 + 900 + 90 + 9, èyí ni M + CM + XC + IX, tí í ṣe MCMXCIX.

Àwọn ará àtijọ́ kò tẹ̀ lé òfin yìí délẹ̀délẹ̀. Lórí òkúta ìrántí Marcus Caelius, ológun Róòmù tí ó kú sójú ogun ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Kristi, XIIX ni wọ́n kọ fún 18. Bákan náà, IIII ni ó wà lójú ọ̀pọ̀ aago, kì í ṣe IV.

3. Láti 4,000 lọ sókè

MMM ni 3,000, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kan fún 5,000 tí a lè fi M ṣáájú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà yanjú èyí.

(a) Àmì C tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn: CIƆ ni 1,000, CCIƆƆ ni 10,000, CCCIƆƆƆ sì ni 100,000. A máa ń rí CIƆ nínú ọdún tí wọ́n tẹ àwọn ìwé àtijọ́ kan jáde ní Yúróòpù.

(b) Ìlà orí: bí a bá fa ìlà sórí lẹ́tà, a ti sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. V̅ ni 5,000; X̅X̅I̅V̅DC ni 24,600. Bí ìlà bá tún wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìlọ́po 100,000 ni.

Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù, sọ pé àwọn baba ńlá wọn kò ní orúkọ fún iye tí ó ju 100,000 lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ pe mílíọ̀nù kan, wọn a ní 100,000 lọ́nà mẹ́wàá. Ní tiwa, ọ̀kẹ́ (20,000) ni a fi ń ṣírò irú iye bẹ́ẹ̀: ọ̀kẹ́ márùn-ún ni 100,000, ọ̀kẹ́ àádọ́ta ni mílíọ̀nù kan.

4. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Suetonius sọ pé Livia, opó olú-ọba Augustus, tí ó kú ní ọdún 29, fi àádọ́ta mílíọ̀nù owó sesterce sílẹ̀ fún Galba nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Àmì òǹkà ni wọ́n fi kọ iye náà, wọn kò fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Tiberius, ọmọ Livia tí ó jẹ́ àrólé rẹ̀, ní 500,000 péré ni. Galba kò sì rí ìyẹn pàápàá gbà. Ẹ fi òfin òkè yìí wò ó: D tí ó ní ìlà lórí àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni 50,000,000; bí a bá yọ ìlà ẹ̀gbẹ́, ó di 500,000.

5. Ìkádìí

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní. Kí olùdánwò má ṣe bèèrè iye tí ó ju 3,999 lọ láìjẹ́ pé ó sọ ọ̀nà tí ó fẹ́ kí ọmọ lò. Bí iye ńlá bá wà nínú ìbéèrè, kí a fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ tì í. Ẹ̀kẹta, VL kò tọ̀nà, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kọ ọ́ ti mọ òǹkà Yorùbá rẹ̀. Kí olùkọ́ yìn ín fún ìyẹn ná, kí ó tó fi òfin Róòmù hàn án.